Àyè Èémí Nínú Ikùn

Bismillāhi Rahmāni Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ẹ̀mí wa sí di inú oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Èmi ni wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ tòní. Èmi kì í ṣe àlùfáà o, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ nípa oúnjẹ, ara mi ló fi kọ́ mi. Níbi tí mo bá ti ṣì í sọ, kí àwọn àgbà bá mi tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì ìṣínu ilé mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Dàbínù wà níbẹ̀, nítorí súnnà ni. Lẹ́yìn dàbínù, púfù-púfù. Lẹ́yìn púfù-púfù, àkàrà tó ti mu òróró yó. Mọ́ọ̀tì tútù, ìgò méjì. A ó kírun Màgàríbì wéréwéré, a ó padà wá jókòó ti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò, ẹran díndín àti mínírà. Bí a bá ti ìdí àṣámù dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ̀bà ṣì ń dúró dè wá. Ní àsìkò sààrì, ìyókù ìrẹsì alẹ́ àná ni. Tí ẹ bá bi mí nígbà náà, n ó ní mò ń gbààwẹ̀. Òótọ́ sì ni, mò ń gbà á. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa rí oṣù ìtúnu, mo ti fi kílò mẹ́rin wúwo ju bí mo ṣe wọnú Ramadan lọ. Ẹni tó fi odindi oṣù kan pa ẹnu mọ́ lọ́sàn-án, òun náà ló wá sanra! Ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ààwẹ̀ tèmi mọ oúnjẹ jẹ ju èmi alára lọ.

Àwàdà yẹn kò pẹ́ tó fi parí. Lẹ́yìn ìtúnu ni àárẹ̀ kan wá dì mọ́ mi. N ó sùn wákàtí mẹ́jọ, n ó jí bí ẹni tó ru ẹrù sùn. Òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá, mo sì ń dìde lọ tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Dókítà ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Àyẹ̀wò yìí kì í wo ohun tí èèyàn jẹ lánàá. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló ń sọ, nítorí náà kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ebi ọjọ́ kan tàn án. Níhìn-ín ní Ìlú Ọba, tí iye rẹ̀ bá ti dé 42, wọ́n á ní èèyàn ti ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ. Tó bá dé 48, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Tèmi jẹ́ 46. Ọmọ ọdún 34 ni mí nígbà náà. Nọ́ọ̀sì tó bá mi sọ̀rọ̀ fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé àìsàn yìí a máa mú àwa èèyàn dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kì í sì í dúró kí a dàgbà tó bí ó ṣe ń dúró de tiwọn. Ó wá bi mí pé ṣé ẹnì kan ní in nínú ìdílé wa. Mo dákẹ́ díẹ̀.

Bàbá mi ní in. Ní 2016, wọ́n wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù láti Ìwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí nígbà yẹn kò ní gbàgbé ààwẹ̀ ọdún náà. Oṣù kẹfà ló bọ́ sí, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi máa ń kọjá dáadáa, àfẹ̀mọ́júmọ́ sì ti dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ó ju wákàtí méjìdínlógún lọ tí a fi ń pa ẹnu mọ́. Dókítà wọn nílé ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù, wọ́n sì ní àwọn gbọ́. Àṣé wọ́n kàn gbọ́ ni. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń lo oògùn wọn bó ṣe tọ́ lójú ara wọn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá wọn lórí àga, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò bára mu. Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ kọjá ààlà. Ọlọ́hun ló ní ká rí wọn lásìkò.

Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà mọ́sálásí wa wá bá wọn ní ọsibítù. Wọn kò bá bàbá jà. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní: "Bàbá, Ọba tó pa ààwẹ̀ láṣẹ náà ló ní kí aláìsàn san án ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò sì sí ìrètí pé yóò lè san án, kó bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ ni ti àkọ́kọ́, àṣẹ ni ti èkejì. Èyí tí Ọlọ́hun fún yín ni kí ẹ mú." Bàbá mi kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Àlùfáà, mo mọ̀. Ojú ló ń tì mí." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, ń gbààwẹ̀ nínú ilé kan náà. Ojú ń ti bàbá àgbà láti máa jẹun lójú ọmọ-ọmọ wọn.

Wọ́n ti dágbére fún ayé báyìí. Àtọ̀gbẹ náà ló mú wọn lọ, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ gba ìka ẹsẹ̀ méjì lọ́wọ́ wọn. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ ìdí tí 46 kò fi lè jẹ́ nọ́ńbà lásán lójú mi.

Nítorí náà, kí n tó fẹnu kan púfù-púfù ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ àti nípa àsìkò tí ẹ ó máa lo oògùn. Bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n lónìí, kò tíì pẹ́ jù. Gígún ìka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn dúró lé nìyẹn. Ohun tí àwọn dókítà tó ń tọ́jú aláàwẹ̀ sì sọ ni pé bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 3.9 lọ, tàbí tó gòkè ju 16.6 lọ lórí ẹ̀rọ tí a ń lò níbí, kí èèyàn ṣẹ́nu lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn wọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Ọlọ́hun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú ìparun. Òdì kejì rẹ̀ ló sọ nínú Súrà Al-Baqarah.

Ó wá ku àwa tí ara ṣì ń gbé, tí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá.

Ẹ wo Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 31. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn, Ọlọ́hun bá àwọn ọmọ Ádámọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀ṣọ́ ara nígbà ìrun, Ó sì sọ̀rọ̀ nípa jíjẹ àti mímu pọ̀ mọ́ ọn. Ó yọ̀ǹda oúnjẹ, Ó yọ̀ǹda ohun mímu, Ó wá kọ àṣejù. Mo ti ka ẹsẹ yìí láìmọye ìgbà láìfiyè sí i pé ìrun àti ikùn ni wọ́n so pọ̀. Ọjọ́ tó yé mi, inú sáfù ni mo wà lẹ́yìn imáámù, ní ìrun àṣámù. Mo fẹ́ tẹ̀ fún rùkúù, ikùn mi kò gbà. Ìrẹsì ti dé ọ̀fun. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gùfẹ̀, èmi náà ń gùfẹ̀. Imáámù ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lókè, oorun ń kùn mí, mo ń ka iye ràkáà tó kù. Tani kò mọ ohun tí mò ń sọ?

Hádíìsì kan wà tí Imam Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Miqdam ọmọ Ma'dikarib, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Nínú rẹ̀, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kó yé wa pé nínú gbogbo igbá tí èèyàn lè kún, ikùn ló burú jù. Òkèlè díẹ̀ tí yóò mú ẹ̀yìn èèyàn dúró ti tó o. Àmọ́ tí kò bá ní ṣe kó má jẹ jù bẹ́ẹ̀, kó pín ikùn sí mẹ́ta: apá kan fún oúnjẹ, apá kan fún omi, apá kan fún èémí. Ọ̀pọ̀ wa la mọ ìdámẹ́ta yìí lórí. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé ìdámẹ́ta kọ́ ni Ànábì fi bẹ̀rẹ̀. Òkèlè díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìdámẹ́ta ni òpin, fún ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Àwa wá rèé, ìdámẹ́ta náà ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Àyè èémí sì ni àkọ́kọ́ tí à ń gbà fún oúnjẹ. Àwọn bàbá wa kúkú ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán, kó lọ da àmàlà nù. Oúnjẹ ilé wa kọ́ ni ọ̀tá. Ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀fọ́ rírò, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ilá: ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń fi ariwo pè wá sí ló wà nínú ìkòkò ìyá wa láti ọjọ́ yìí. Ohun tó yí padà ni ìwọ̀n, òróró, ṣúgà, iyọ̀, àti ìjókòó. Bàbá bàbá mi ń jẹ àmàlà tó ga bí òkìtì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọ́n ti kọ ebè, wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Òkìtì kan náà ni èmi ń jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn tó gùn jù tí mò ń rìn lójúmọ́ sì ni láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo jogún oúnjẹ wọn, mi ò jogún oko.

Ti ṣúgà ló yà mí lẹ́nu jù. Ohun tí ìjọba Ìlú Ọba là sílẹ̀ fún àgbàlagbà ni pé kí ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu má ju gíráàmù 30 lọ lójúmọ́. Agolo Coca-Cola kan péré, ti mílílítà 330 tí kì í ṣe aláìní-ṣúgà, gíráàmù 35 ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. A kò tíì fọwọ́ kan púfù-púfù, a ti kọjá ààlà. Ẹ yí ìgò mọ́ọ̀tì yín padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa rí tiẹ̀ níbẹ̀. Ti iyọ̀ náà ń bẹ: gíráàmù mẹ́fà lójúmọ́ ni wọ́n ní ká má kọjá, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ wá rò ó wò, kúùbù mélòó là ń já sínú ọbẹ̀ kan, ká tún wá bu iyọ̀ sí i kó lè "dùn"? Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ.

Báwo lèèyàn ṣe wá ń yí i padà? Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ oníbàárà kan bá ń ṣe ségesège, a kì í tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ kan. A ó yí ohun kan padà, a ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, tó bá dúró, a ó kan òmíràn. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan, bó bá bàjẹ́, kò ní mọ èyí tó bà á jẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rántí pé Ànábì wa ti sọ fún wa, nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe láìdáwọ́ dúró, kódà kó kéré.

Ohun kékeré tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé mo fi ìrun sáàárín. Dàbínù mẹ́ta àti omi, mo dìde, mo kírun Màgàríbì, mi ò sáré kí i. N ó tó padà sídìí tábìlì, ebi tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Ikùn kì í tètè ránṣẹ́ sí orí pé òun ti yó. Ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, oúnjẹ tí a bá sì ti sáré gbé mì láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn kì í jáde mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo lé mínírà kúrò nílé. Àwọn ọmọ sunkún fún ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣubú: wọ́n gbé púfù-púfù gbígbóná wá láti ilé aládùúgbò, mo jẹ méje. Mo kà á. Lọ́jọ́ kejì mo padà sídìí dàbínù mẹ́ta. Àwo náà dín kù. Mo ń bu ẹ̀fọ́ sí ìdajì àwo ná kí n tó bu ìrẹsì, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ bu ìrẹsì, ẹ̀fọ́ kì í ráyè. Sààrì ni mo yí padà kẹ́yìn: ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, omi dáadáa. Ẹ̀wà kì í jẹ́ kí ebi tètè dé bí ìrẹsì àti búrẹ́dì funfun. Bí a bá jáde ní àṣámù, mò ń fẹsẹ̀ rìn délé, bí òtútù bá tiẹ̀ ń mú.

Nígbà tí Shawwal dé, mi ò sọ pé mo ti parí. Mo gba ààwẹ̀ mẹ́fà rẹ̀, lẹ́yìn náà mò ń gba Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nígbà tí mo bá lè ṣe é. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àyẹ̀wò àkọ́kọ́, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi: 41. Alhamdulillāhi. Nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe ijó jù, nítorí ó lè padà. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ fún àyẹ̀wò báyìí. Ẹ̀yin tí òbí yín ní àìsàn yìí, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ ó fi pé ogójì ọdún kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwa ọkùnrin sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó rọrùn láti ka irú ọ̀rọ̀ báyìí, ká wá bọ́ sí kíṣìnì lọ pàṣẹ fún ìyàwó tí òun náà ń gbààwẹ̀, tó ti dúró ti iná láti ìgbà Àlàásárì. Bí ẹ bá fẹ́ kí oúnjẹ yí padà, ẹ wá bó ẹ̀wà. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń se mọ́ínmọ́ín ọ̀sẹ̀, mo ń pín in sínú ike, mo ń kó o sínú fírísà. Èyí àkọ́kọ́ tí mo sè kò ṣeé jẹ. Èyí tí mò ń sè báyìí, ìyàwó mi ti ń bu òmíràn sí i.

Ìyẹn mú mi dé orí ohun tó nira jù láàárín wa, tí mi ò sì mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ kí ó má bí àwọn ìyá wa nínú. Oúnjẹ ni a fi ń fìfẹ́ hàn. Àlejò tó bá ní òun ti yó, a ó ní ó ń ṣe ojú ayé ni. A ó bu kún àwo rẹ̀, a ó ní ṣé oúnjẹ wa kò dùn ni. Bàbá mi kì í lè kọ àwo kejì ní ibi ìnáwó, wọ́n ní àbùkù ni fún olóhun. Gbogbo ibi tí wọ́n bá lọ ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ, tí wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó bù ú. Ara ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni tó ni ín, bí Salman ṣe jẹ́ kó yé Abu Darda, tí Ànábì sì ní òótọ́ ni Salman sọ. Ǹjẹ́ a lè gbà fún ara wa ní mọ́sálásí wa pé bí ẹnì kan bá ti sọ pé "ó ti tó", kó tó? Ká má bi í ní ìdí. A kò mọ ẹni tó ń gbé 46 kiri nínú àpò.

Ìṣínu gbogbogbòò máa wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀, inshā Allāh. Àwọn ìyá wa ti gbà láti se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ mọ́ ìrẹsì, kí Ọlọ́hun san wọ́n lẹ́san rere. Èmi ni wọ́n fi ohun mímu lé lọ́wọ́. Omi ni mò ń gbé bọ̀, àti sóbò tí ṣúgà kò sí nínú rẹ̀, atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo fi sí i. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má mu mọ́ọ̀tì, kó gbé tirẹ̀ wá láti ilé, kó sì jókòó jìnnà sí mi díẹ̀, nítorí ó ṣì ń wù mí.

Àsàlámù àlékúm wàráhmátúlláhi wàbàrákátúhù.